Omi bọ́hóòlù tó ń pọ́n tó bá ti dúró díẹ̀: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ní Kabba

Omi wa máa ń mọ́ gaara tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde o, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, aṣọ funfun bàjẹ́, tíì gan-an ń dúdú.

Mo fọ táńkì, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Mo da álọ́ọ̀mù sí i, kò yí padà. Ẹnì kan ní kí n lo bílíìṣì, ló bá pọ́n lójú ẹsẹ̀!

Ìgbà tí mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò ni mo tó mọ̀ pé irin ló pọ̀ nínú ẹ̀, mílígíráàmù 2.1 nínú lítà kan (2.1 mg/l), bẹ́ẹ̀ 0.3 ni ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí fún omi mímu. Iyọ̀ ẹ̀ kéré, wọ́n ní kò sí wàhálà tí mo bá fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, àfi tó bá jẹ́ rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ ni mo ń lò, irin yẹn á dí i pa.

Bílíìṣì yẹn ló là mí lójú: bó ṣe sọ irin tó yọ́ sínú omi di ìdọ̀tí pupa lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé páìpù ga, mo lu ihò sí i bíi ṣáwà kí omi máa rọ̀ bí òjò sínú dúrọ́ọ̀mù kan, ó sùn níbẹ̀, ìdọ̀tí pupa rọlẹ̀, mo wá rọra da ti òkè gba inú dúrọ́ọ̀mù kejì, tí yanrìn odò tí mo ti fọ̀ wà lókè, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀. Àyẹ̀wò kejì: 0.2.

Kò pa kòkòrò o, a ṣì ń sè é ká tó mu. Tó bá jẹ́ iyọ̀ ló wà nínú tiyín, èyí ò ní ràn yín lọ́wọ́.