Bí A Ṣe Ń Fi Windows Sínú iMac Kí Géèmù Lè Ṣeé Gbá Lórí Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí ojú àti ara rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bíi iMac ti Apple, máa ń dùn ún wò lórí tábìlì. Okùn iná kan péré ló ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àpótí tí ẹsẹ̀ yóò máa kọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn géèmù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé GPU inú rẹ̀, ìyẹn ṣíìpù tó ń kùn àwòrán, kò ṣeé yọ kí a fi òmíràn rọ́pò bí a ti ń ṣe sí kọ̀ǹpútà alápòótí. Èyí tó bá wá sáyé pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò bá a dàgbà. Ohun tó kù níkàáwọ́ wa ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ géèmù tí iMac kọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ̀ ọ́, macOS ni, ìyẹn ètò tí Apple fi ń darí rẹ̀. Bí a bá fi Windows sí ẹ̀gbẹ́ macOS, agbára tó ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn látọjọ́ yìí yóò hàn.

iMac 27 ínǹṣì ti ọdún 2019 ni mo ń lò, òun ni n ó sì máa tọ́ka sí. Radeon Pro 570X, 575X, 580X tàbí Vega 48 ni GPU tí ẹ lè bá nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí kò lè gbé géèmù GTA V nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú iMac tó wà níwájú yín

Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣíìpù Intel ní ọdún 2006. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé Boot Camp jáde, ìyẹn ètò tó ń pín dísíìkì sí méjì kí Windows lè rí yàrá tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ṣíìpù M1 tiwọn dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Boot Camp ò bá wọn lọ sílé tuntun. Nítorí náà, iMac 24 ínǹṣì aláwọ̀ mèremère tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2021 kò lè ṣe ohun tí mò ń kọ yìí.

Ẹ tẹ àmì ápù tó wà lókè lápá òsì, ẹ yan About This Mac. Bí ẹ bá rí Intel níbẹ̀, ọ̀nà là. Bí ó bá jẹ́ M1, M3 tàbí M4 ni, Parallels Desktop tàbí CrossOver ni kí ẹ wá lọ, àwọn ètò tó ń jẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún Windows ṣiṣẹ́ nínú macOS. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ra 24 ínǹṣì torí pé ẹni tó tà á fún un fi dá a lójú pé Windows yóò wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí owó tó fi ọdún kan kó jọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ara yín rí ọ̀rọ̀ Intel yẹn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo dísíìkì náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pè é ní Fusion Drive, SSD kékeré (dísíìkì tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí) àti dísíìkì oníyíyí ni wọ́n so pọ̀. Nínú iMac 2019 tó ní Fusion Drive 1 TB, SSD náà ò ju 32 GB lọ, orí dísíìkì oníyíyí yẹn sì ni Boot Camp máa ń gbé Windows lé. Géèmù yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó dúró títí kó tó ṣí. Ẹni tí kò bá tíì rà á, kó wá èyí tó jẹ́ SSD látòkè délẹ̀, kódà bó bá fi owó díẹ̀ wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ iná

Ìbàdàn ni mo wà, ọ̀rọ̀ iná ló sì ṣáájú gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù níbí. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, iMac ò ní. Bí iná bá ti lọ, ó kú nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán iṣẹ́ yìí wò, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Mo ti tẹ Install. Ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni tó gbé ìrẹsì kaná. Ni iná bá lọ. Fáànù inú iMac náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Nígbà tí iná dé tí mo tún un tàn, fódà kékeré kan tó ní àmì ìbéèrè láyà ló ń ṣẹ́jú sí mi: ẹ̀rọ náà ò mọ ibi tí macOS wà mọ́. Mo tún un tàn, mo di Option, Command àti R mú pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa macOS láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ méjì gbáko àti dáta rẹpẹtẹ ló bá a lọ. Ẹ̀rọ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n àwòrán ọjọ́ tí bàbá mi pé àádọ́rin ọdún kò padà, torí mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ má dán an wò láìsí UPS. iMac 27 ínǹṣì lè gbé iná tó lé ní 200 wáàtì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, nítorí náà UPS kékeré á gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Iṣẹ́ UPS ni kó dì í mú títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ ṣáájú, tàbí kí bátìrì inverter ti kún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so dísíìkì ìta mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí Time Machine, ètò ẹ̀dà inú macOS, ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí iMac. Bó bá ti parí, ẹ yọ dísíìkì náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Kò gbọdọ̀ sí dísíìkì ìta kankan lára iMac nígbà tí Windows bá ń wọlé.

Bí Windows ṣe ń wọlé

Windows 10 oní 64-bit ni Boot Camp gbà, ì báà jẹ́ Home tàbí Pro. Ẹ dáńlóòdù fáìlì ISO rẹ̀, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo Windows wà nínú rẹ̀, láti orí ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀. Ó tó bíi 6 GB, ẹ ronú sí dáta yín, kí ẹ má sì tìtorí dáta gba èyí tí ẹnì kan kó sórí fíláàṣì kiri. Ẹ ò mọ ohun tó bá a rìn.

Ẹ wọ Applications, ẹ wọ Utilities, ẹ ṣí Boot Camp Assistant. Yóò béèrè ISO yẹn, ẹ fi hàn án. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlà tó pín sí méjì, macOS lápá kan, Windows lápá kejì, àmì róbótó kan sì wà láàárín wọn tí ẹ lè fi máòsì fà.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kéré jù tí yóò gbà ni 64 GB, Apple sì ní 128 GB ló dáa. Lójú tèmi, 128 GB kéré fún ẹni tó ń gbá géèmù. GTA V nìkan ń gbà tó 100 GB, Windows fúnra rẹ̀ fẹ́ ibi tí yóò sùn, ààyè díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù kó lè máa mí. Bí ẹ bá sì ti pín in tán, ẹ ò lè padà wá fà á gùn; ẹ ó yọ Windows kúrò pátápátá ni, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí dísíìkì yín bá jẹ́ 512 GB, ẹ fún Windows ní 250 GB. Bó bá jẹ́ 1 TB, ẹ fún un ní 400 GB.

Ẹ tẹ Install, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín sí i, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Yóò dáńlóòdù àwọn dráífà, ìyẹn ètò kéékèèké tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara iMac, yóò pín dísíìkì, yóò sì tan ara rẹ̀ sínú Windows. Bó bá béèrè ibi tí yóò wọ̀ sí, èyí tí wọ́n kọ BOOTCAMP sí lára ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì tẹ Format. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Macintosh HD tiyín, ibi tí macOS àti fáìlì yín wà, wà lára ìyókù yẹn.

Bí Windows bá ti ṣí, ẹ lè rí i pé kò sí Wi-Fi, ohùn ò jáde. Ẹ má fòyà. Àpótí Boot Camp kan yóò yọjú fúnra rẹ̀, ẹ gbà fún un, òun ló ń kó dráífà wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un tàn, ẹ ṣí Apple Software Update, kí ẹ gba ìyókù. AMD, iléeṣẹ́ tó ṣe GPU Radeon, náà ní dráífà tí wọ́n ṣe fún Boot Camp lórí ojúlé tiwọn, ó sì yẹ kí ẹ wò ó bí géèmù kan bá ń ta kété.

Láti yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ di bọ́tìnì Option mú bí ẹ ṣe ń tan iMac, dísíìkì méjèèjì yóò yọ, ẹ mú ọ̀kan.

Ó ku ohun kan nípa Windows 10. Microsoft ti fòpin sí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, irú ṣíìpù ààbò kan tí iMac ò ní. Nítorí náà, yàrá ìṣeré ni kí ẹ fi Windows ṣe. Ọ̀rọ̀ báńkì àti lẹ́tà iṣẹ́, inú macOS ni kí ẹ ti máa ṣe wọ́n.

Kí géèmù máa lọ geerege

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí. Ojú iMac yìí ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 5120 ní ìbú àti 2880 ní òró, géèmù á sì fẹ́ kún gbogbo rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlá píksẹ́lì àti lé ni GPU yóò máa kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù yẹn wúwo jù fún un. Ẹ wọ ètò géèmù náà, ẹ sọ ọ́ di 2560 sí 1440. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ géérégé nìyẹn, nítorí náà àwòrán náà á mọ́ síbẹ̀, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Bó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ lọ sí 1920 sí 1080, kí ẹ sì dín òjìji kù, torí òjìji ló máa ń jẹ agbára jù. Ojú iMac náà ò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ tan V-Sync nínú ètò géèmù, tó ń mú kí GPU má yára ju ojú náà lọ, kí GPU má bàa ṣiṣẹ́ àṣedànù.

Ẹ ra máòsì tó ní okùn. Magic Mouse ò gbà kí ẹ tẹ òsì àti ọ̀tún pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ géèmù ìbọn ní láti fi ọ̀tún fojú sun ún kí òsì tó yìn ín. Lórí kíbọọ̀dù, Command ló di bọ́tìnì Windows, Option ló di Alt.

Bí RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, bá jẹ́ 8 GB, ẹ fi kún un. Ẹ yọ okùn iná, bọ́tìnì kékeré kan wà lókè ibi tí okùn náà ń wọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn kan yóò ṣí lẹ́yìn iMac. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, DDR4 SO-DIMM 2666 MHz sì ni wọ́n ń gbà.

Afẹ́fẹ́ tútù ń gba etí ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná sì ń gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀ jáde. Ìyá mi a máa fi léèsì funfun bo tèmi kí eruku ọyẹ́ má bà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mo máa ń ká a kúrò pátápátá kí n tó tan géèmù, mo sì ń fa iMac kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Àwọn géèmù tuntun kan ò ní gbà bó ti wù kí ẹ ṣe tó. Battlefield 6, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè Secure Boot, ìyẹn ètò ààbò tó ń yẹ Windows wò bí ẹ̀rọ bá ń tàn, iMac 2019 ò sì ní in. Ẹ yẹ ohun tí géèmù ń béèrè wò kí ẹ tó sanwó.

Fáìlì láàárín méjèèjì, àti bí a ṣe ń yọ Windows

macOS lè ka dísíìkì Windows, kò lè kọ sí i. Windows náà kò lè kọ sí ti macOS. Ẹ fọ́ọ̀máàtì fíláàṣì kan sí exFAT, ìlànà ìpamọ́ fáìlì tí àwọn méjèèjì mọ̀, méjèèjì á lè kà á, wọ́n á sì lè kọ sí i. Ẹ rántí pé Time Machine kì í ṣe ẹ̀dà apá Windows, nítorí náà ẹ máa kó fáìlì ibi tí ẹ gbá géèmù dé sórí fíláàṣì yẹn.

Bí ó bá sú yín, ẹ má fi Disk Utility pa apá Windows rẹ́. Ẹ padà sínú Boot Camp Assistant, ẹ yan kó dá dísíìkì padà sí ẹyọ kan. Kí UPS wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà.