Bí fèrèsé ètò yín bá dákú: bí a ṣe ń wá ibi tó ti ń ṣe é

Bàbá kan tó ń ra kòkó nílùú Oǹdó ló bẹ̀ mí pé kí n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé òun á máa fi kọ orúkọ àgbẹ̀ àti ìwọ̀n kòkó tó bá gbé wá. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, àti Tkinter, irinṣẹ́ inú rẹ̀ tó ń ṣe fèrèsé àti bọ́tìnnì, ni mo fi kọ ọ́. Nínú yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUTA ní Àkúrẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni mumi. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé Oǹdó, akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì "Fi pamọ́" báyìí, fèrèsé funfun báláú, "Not Responding" hàn lókè rẹ̀. Bàbá wojú mi: "Ṣé ó ti kú ni?"

Kò kú. Bí mo ṣe ń wá irú àrùn bẹ́ẹ̀ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ

Ẹ má fi máòsì ṣí ètò náà. Ẹ ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ pè é láti ibẹ̀:

python koko.py

Nínú Tkinter, bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, fèrèsé kì í pa dé. Inú terminal ni ariwo náà ń lọ. Bí kò bá sí terminal, kò sẹ́ni tó máa gbọ́, bọ́tìnnì á kàn dákẹ́. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka àṣìṣe: ìlà tó kẹ́yìn ló ń dárúkọ ohun tó bàjẹ́, àwọn tó wà lókè rẹ̀ ló ń tọ́ka ibi tó ti bàjẹ́.

Bó bá ní òun ò rí Tkinter rárá, ẹ tẹ python -m tkinter. Fèrèsé kékeré kan yẹ kó jáde. Tí kò bá jáde lórí Ubuntu, sudo apt install python3-tk ni oògùn rẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ fáìlì yín wò pẹ̀lú. Mo ti sọ fáìlì mi ní tkinter.py rí, Python wá ń gbé tèmi dípò ojúlówó. Ọ̀sán kan gbáko ló bá a lọ.

Bọ́tìnnì tó ń ṣe wàdùwàdù

Tí iṣẹ́ bọ́tìnnì bá ti ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo àmì ( ) tó wà lẹ́yìn orúkọ function (àkójọ àṣẹ tí bọ́tìnnì ń pè). command=fipamo() ń ní kó ṣe é lójú ẹsẹ̀; command=fipamo ń ní kó dúró di ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà tán.

Fèrèsé tó dì gbagidi

Ibí ni ìṣòro mi ní Oǹdó wà. Ẹ ronú ìyá oníyán kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tó ń dá tajà. Bó bá wọ ẹ̀yìn lọ gúnyán, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Ìyá yẹn ni mainloop, apá Tkinter tó ń ṣọ́ fèrèsé. Òun nìkan ló ń gbọ́ gbogbo títẹ̀, òun ló sì ń kun fèrèsé. Ètò mi máa ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ̀kì dára ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí mo dán an wò, n kò sì mọ̀ pé ìyá ń wọ ẹ̀yìn lọ. Ní Oǹdó, nẹ́tíwọ̀kì falẹ̀, requests, irinṣẹ́ Python tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, sì jókòó tì í, torí òun kì í dá iye àkókò tó máa dúró fún ara rẹ̀ àfi tí a bá kọ timeout=10 sí i.

Ẹ wá ọmọ tó máa gúnyán: threading.Thread, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má bù ú fún oníbàárà o, ìyẹn ni pé kó má fọwọ́ kan fèrèsé. Kó gbé e sórí tábìlì, ìyẹn queue.Queue, kí ìyá máa bojú wò ó láti ìgbà dé ìgbà:

root.after(100, wo_tabili)

root ni fèrèsé ńlá, wo_tabili ni function tó ń yẹ tábìlì wò, 100 yẹn sì jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdù. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni after ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí wo_tabili tún un pè fúnra rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn máa fọ́n root.update(), tó ń mú kí fèrèsé gbọ́ títẹ̀ láàárín iṣẹ́, káàkiri. Èmi ò fara mọ́ ọn: akọ̀wé á tún tẹ bọ́tìnnì nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò tíì parí, àpò kòkó kan á di méjì nínú ìwé. Ẹ fi state="disabled" ti bọ́tìnnì náà títí iṣẹ́ á fi parí.

Bí àwòrán bá pòórá nínú fèrèsé, Python ló ti kó o dànù torí kò rí ẹni tó dì í mú; label.image = foto á dì í mú (label ni ohun tó gbé àwòrán náà, foto ni àwòrán fúnra rẹ̀). Ẹ má sì po pack àti grid, ọ̀nà méjì tí a ń gbà to nǹkan sínú fèrèsé, pọ̀ nínú frame (àpótí inú fèrèsé) kan ṣoṣo.

Lẹ́tà Yorùbá

Akọ̀wé wá "Àkúrẹ́", ètò ní kò sí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú wa gbọnrangandan. Lójú wa, lẹ́tà márùn-ún ni. Lójú Python, ó lè jẹ́ 6 tàbí 9, torí a lè kọ À bí ẹyọ kan, a sì lè kọ A kí a tó wá fi àmì lé e. Ní ti ẹ́, kò tilẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró fún un. Àmì ohùn ibẹ̀ ń dá dúró. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu èyí tí ẹ máa rí. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wà ní ọ̀nà kan náà, ẹ gbà wọ́n kọjá níbí, nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́ àti nígbà tí ẹ bá ń wá a:

unicodedata.normalize("NFC", oro)

Tí ẹ bá rí UnicodeEncodeError àti 'charmap' lórí Windows, ẹ kọ encoding="utf-8" sínú open, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì. Bó bá jẹ́ pé Excel ni wọ́n máa fi ṣí CSV (fáìlì àkọsílẹ̀ onílà-ìlà) náà, "utf-8-sig" ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn àgbẹ̀ á di wúruwùru.

Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì

Ẹ fi Path(__file__).parent, ìyẹn fódà tí ètò wà nínú rẹ̀, wá àwòrán àti fáìlì tó bá ètò rìn. Tí ẹ bá fi PyInstaller, irinṣẹ́ tó ń di ètò fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, dì í pẹ̀lú --onefile kó di fáìlì kan ṣoṣo, ẹ má ṣe fi àkọsílẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ o: fódà ìgbà díẹ̀ ni, tí ètò bá ti pa dé, ó ti lọ nìyẹn. Abẹ́ Path.home(), fódà ti ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, ni kí àkọsílẹ̀ oníbàárà máa gbé.

Ní báyìí, kí n tó wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, mo máa ń pa Wi-Fi, kí n tẹ "Fi pamọ́" lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí n sì gbìyànjú láti gbé fèrèsé náà láti ọ̀tún sí òsì. Tí kò bá tẹ̀ lé ọwọ́ mi, ilé ni mò ń jókòó sí.