Ẹ má tíì sọ pé "Bàbá wa ṣe Néfì": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí wíwá ìwé iṣẹ́ àti mẹ́dàlì àwọn baba wa

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá bàbá tó bí màmá mi nínú ìwé Néfì, mi ò rí wọn, àṣé wọn ò sí níbẹ̀ rárá. Kubwa níbí ni àpótí wọn wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, mẹ́dàlì méjì àti fọ́tò kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé funfun dúró lórí ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ilé ló sì gbà pé Bàbá ṣe Néfì nígbà ogun Hitler. Àwa Yorùbá tó wà lápá ibí yìí, Àbújá, Lọ́kọ́ja, Kàdúná, títí dé Ìlọrin, ọ̀pọ̀ wa ló ní irú àpótí yẹn nílé, ibi kan náà la sì ti máa ń ṣìnà.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ "Néfì" yẹn. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, ẹni tó bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi, Néfì ni. Bẹ́ẹ̀ 1956 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Néfì tiẹ̀ sílẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ní bàbá yín wọ Néfì Nàìjíríà ní 1943, ẹ dúró níbẹ̀ ná, nǹkan kan ò bára mu. Ohun tó wà nígbà yẹn ni Nigerian Marine, ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni, àwọn ló ń mójú tó èbúté, tí wọ́n ń kó iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà odò, tí ọkọ̀ wọn ń gbé ẹrù àtèèyàn lọ sókè sódò lórí Ọya àti Bẹ́núè, Lọ́kọ́ja sì ni ojúkò wọn lápá òkè ọ̀hún. Marine náà ti bá wọn lọ ojú ogun rí o, ní 1914 ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ivy wà lára àwọn tó lọ gba Duala lọ́wọ́ Jámánì ní Kamẹrúùnù, àmọ́ Marine kì í ṣe Royal Navy, ìyẹn Néfì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò sídìí láti máa wá òṣìṣẹ́ Marine nínú ìwé Royal Navy. Láàrin 1955 sí 1956 ni wọ́n pín in: èbúté bọ́ sọ́wọ́ Ports Authority, odò bọ́ sọ́wọ́ Inland Waterways, Néfì náà jáde látinú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lórí odò, National Archives tó wà ní Kàdúná àti Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá wọ Néfì lẹ́yìn 1956 ni kẹ́ ẹ kọ̀wé nípa ẹ̀ sí Naval Headquarters ní Àbújá níbí, kẹ́ ẹ sì mú nọ́ńbà iṣẹ́ wọn dání, orúkọ nìkan ò tó.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ ọkọ̀ oníṣòwò ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, pàápàá ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster tó ń ná Èkó sí Liverpool. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, àmọ́ ogun pa wọ́n bó ṣe pa ọmọ ogun, wọ́n ri ọkọ̀ Accra àti ọkọ̀ Apapa ní 1940, wọ́n ri ọkọ̀ Abosso ní 1942. Mẹ́dàlì tọ́ sí àwọn náà, ìwé rẹ̀ wà ní The National Archives ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, àkójọ ìwé tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ BT 395 ni kẹ́ ẹ béèrè. ADM 188, àkójọ míì ní Kew tí gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ sí, àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá nínú Royal Navy tó wọṣẹ́ títí dé 1928 ló wà fún, tí ẹ bá ń wá ẹni tó wọṣẹ́ nígbà ogun Hitler níbẹ̀ ẹ kàn ń fi àkókò yín ṣòfò ni.

Ẹ tún rántí pé àwọn sójà tó lọ Búmà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ. Bàbá tó bá ń sọ ìtàn ọkọ̀, ìjì àti òkun lè má ṣe iṣẹ́ ojú omi rí láyé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì wá kù. Ti ogun 1914 sí 1918, wọ́n kọ nọ́ńbà àti orúkọ sí etí tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, àmọ́ ti 1939 sí 1945 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn èèyàn wa, kò sórúkọ lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wo tiyín kó sọ pé ti bàbá yín ni tàbí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú tiwa jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí wọ́n kọ Burma Star sí, sójà lè gbà á, ẹni tó wà lójú omi lọ́hùn-ún náà lè gbà á, torí náà ìràwọ̀ yẹn nìkan ò dájọ́ kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín ni, ẹ má fi eérú àti òroǹbó wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ abọ́ idẹ. Àbúrò mi fọ tiwa kó lè dán nígbà ìsìnkú, àwọ̀ rìbọ́ọ̀nù ẹ̀ sì ti ṣí dànù, bẹ́ẹ̀ rìbọ́ọ̀nù yẹn lèèyàn fi ń mọ irú mẹ́dàlì tó jẹ́ tó bá ti jábọ́. Tó bá jẹ́ ti ogun àkọ́kọ́ ni, orúkọ ara ẹ̀ lẹ ń fọ̀ lọ yẹn. Ẹ má sì gbé àpótí irú ẹ̀ sítòsí ibi tí wọ́n ń kó irin àlòkù sí, baban bola tó bá kọjá láàárọ̀ á san owó irin fún ọmọ ilé, ìtàn ìdílé á bá a lọ.

Orúkọ náà ń dani láàmú. Sọ́nẹ́èmù tí mo ń wá kiri, àwọn ọmọ Bàbá ló mú un nílé ìwé, Bàbá fúnra wọn ò jẹ́ ẹ rí. Láyé ìgbà yẹn, pàápàá nínú sójà, orúkọ ìlú ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ tèèyàn, Audu Kàbà, Mọ́mọ̀ Ìlọrin, ọjọ́ orí sì jẹ́ èyí tí akọ̀wé fojú díwọ̀n. Ẹ wá gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì wá orúkọ ìlú.

Tẹ́ ẹ bá wá rí ìwé gidi, ẹ má gbàgbọ́ pé gbogbo ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀ ló léfòó lórí omi. HMS Eland, ibùdó Royal Navy tó wà ní Freetown nígbà ogun, orí ilẹ̀ ni, bí NNS Quorra ti Néfì Nàìjíríà ṣe wà lórí ilẹ̀ ní Àpápá dòní. Bẹ́ ẹ bá sì rí DD (Discharged Dead) nínú ìwé iṣẹ́ ẹnì kan, ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ni, "Run" túmọ̀ sí pé ó sá, ẹ má kígbe fáyé kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Èmi sanwó fún ẹnì kan tó ní òun á bá mi gba ìwé Bàbá láti Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ẹlòmíì tórúkọ wọn jọra ló kó fún mi. Wíwá orúkọ nínú kátálọ́ọ̀gì Kew, ọ̀fẹ́ ni, fóònù yín lẹ máa fi ṣe é.

Ìyá Lọ́kọ́ja, àbúrò Bàbá lóbìnrin, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún, àwọn ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ bá, àwọn ni mo sì lọ bá kẹ́yìn. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo mẹ́dàlì, wọ́n ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò lórí Ọya rí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àbúrò wa ló lọ Búmà, òun ló ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun tọ́jú ìràwọ̀ yẹn àti èkejì ẹ̀ nígbà tó ń lọ Jọ́ọ̀sì, kò sì padà wá gbà wọ́n." Èèyàn méjì la ti sọ di ẹyọ kan.

Mẹ́dàlì méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò Bàbá ní Ìlọrin báyìí, wọ́n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá wọn gba nǹkan kan. Fọ́tò ló kù nínú àpótí, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé: Marine, Lọ́kọ́ja.