Ẹ Fi Sátẹ́láìtì Wọn Oko Kòkó Yín Kí Ọjà Yúróòpù Má Baà Tì Mọ́ Yín

Ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú kòkó Nàìjíríà ń lọ, owó òkèèrè tó sì ń mú wálé kì í ṣe kékeré. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé kòkó tí a gbìn sórí igbó tí a gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Sátẹ́láìtì wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Sátẹ́láìtì Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Sentinel-2 ń ya àwòrán ojú ilẹ̀ kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán náà. Oko tí a kò bá mọ nọ́ńbà ibi tó wà, kòkó rẹ̀ kò ní ẹ̀rí.

Láti mọ nọ́ńbà yìí, fóònù tó ní GPS (ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí fóònù wà) ti tó. GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà. Àwòrán máàpù ló ń jẹ ẹ́. Ó kéré tán, fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin kó tó mọ ibi tó wà dáadáa, ewé kòkó tó ṣú a sì máa dí i lọ́wọ́. Ẹ wá ibi tí ojú ọ̀run ti hàn nínú oko, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan títí àṣìṣe tí áàpù tí ẹ fi ń wọn oko ń fi hàn yóò fi wá sí mítà márùn-ún tàbí kó dín.

Bí oko kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ (bí éékà mẹ́wàá), nọ́ńbà ojú kan ṣoṣo tó, ṣùgbọ́n inú oko ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kì í ṣe ilé tàbí etí títì. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rìn yí ààlà ká, ẹ tẹ áàpù náà ní gbogbo igun àti ibi tí ààlà ti wọ́, kí ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba àárín oko kọjá torí pé ẹrẹ̀ wà lọ́nà. Oko yóò kéré lórí ìwé.

Níbi dída nọ́ńbà kọ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Nọ́ńbà mẹ́fà ni òfin ń fẹ́ lẹ́yìn pọ́íǹtì. Bí ẹ bá kọ méjì péré, ojú náà lè fi bíi kìlómítà kan ṣìnà. Latitude (nọ́ńbà àríwá sí gúúsù) ló sábà máa ń ṣáájú longitude (nọ́ńbà ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn): ní ìlú Oǹdó, latitude jẹ́ nǹkan bí 7.1, longitude sì jẹ́ nǹkan bí 4.8. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, agbègbè Port Harcourt ni oko yín yóò bọ́ sí.

Oko kòkó àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi ńlá máa ń jọ igbó lójú sátẹ́láìtì. Bí ẹ bá wá gé igi ìbòji níbẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé igbó lẹ gé. Híhú kòkó tó ti gbó láti gbin tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ìwé ẹ̀rí ìṣákọ́lẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ra kòkó yín ṣáájú 2021, àti fọ́tò ìdí igi kí ẹ tó hú u. Fífi nọ́ńbà oko sílẹ̀ kì í sọ ilẹ̀ di ti ẹlòmíràn, nítorí náà kẹ́ ẹ má bẹ̀rù.

Bí ẹ bá ra kòkó lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò tíì wọn oko rẹ̀, àpò ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Bó bá ti dà pọ̀ mọ́ tiyín, gbogbo ẹrù náà ni wọ́n lè dá padà.