Ariwo Inú Ọkọ̀: Ẹ Wá Ibi Tó Ti Ń Dún Kí Ẹ Tó Tú U

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe ní Tákíé, l'Ógbómọ̀ṣọ́, àmọ́ ẹjọ́ ariwo inú ọkọ̀ kì í tán lọ́rùn mi, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé. Wọ́n á ní dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń dún. Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí gíláàsì bá wà ní pípadé, ohùn á máa gba ara ike kan bọ́ sí òmíràn, etí yín á ní iwájú ni, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀: jáàkì, sípánà, ìgò abẹ́ ìjókòó, gbogbo pàǹtí inú píjìn-họ́ọ̀lù. Ẹ fún ẹ́sítírà táyà le. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn náà. Bí skúrù rẹ̀ kan bá tú, ẹ ó rò pé bùútù fẹ́ já. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíì wakọ̀ gba ibi gbágungbàgun, kí ẹ̀yin máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi kọ̀ọ̀kan: etí ilẹ̀kùn, ẹnu ihò AC, òpó tí bẹ́lítì so mọ́. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ tí ariwo dákẹ́, ẹ fi tépù sàmì síbẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ dá a ṣe o.

Èyí tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, nǹkan ló tú. Èyí tó ń ké kíín-kíín, ike méjì ló ń ha ara wọn. Òun ló máa ń yí ohùn padà lọ́sàn-án, torí ike máa ń fẹ̀ nínú ooru. Tó bá jẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ló ti ń dún kù-kù, kì í ṣe tiwa, kí mẹkáníìkì wo línkéèjì àti búṣì.

Páńẹ́lì ilẹ̀kùn, ìyẹn ike tó bo inú ilẹ̀kùn, ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ mú Camry tí a ń pè ní Big Daddy: gbogbo ẹni tó bá ti tún gíláàsì rẹ̀ ṣe ló ń ṣẹ́ kílíìpù tó di páńẹ́lì mú, wọn kì í sì í fi òmíràn rọ́pò. Mo ti ṣí èyí tó jẹ́ pé ìṣó ló dì í mú! Ẹ tú skúrù tó wà lẹ́yìn ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn, àti èyí tó wà nínú ihò ibi tí ẹ ti ń fà á padé. Ike kékeré kan máa ń bò wọ́n. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tí ẹ fi aṣọ wé ki abẹ́ páńẹ́lì láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, á máa já pó, pó. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn ta sí i ná, torí ike tútù tètè ń ṣẹ́. Kò tíì tó gbé kúrò: ẹ yọ ẹnu wáyà swíìṣì gíláàsì.

Ẹ̀ ń rí ọ̀rá tó bo irin ilẹ̀kùn yẹn? Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Bó bá ṣí, á máa lu páńẹ́lì, òjò á sì wọ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi tépù aláṣọ, irú èyí tí àwa rìwáyà fi ń di wáyà, wé ọ̀pá tó lọ sí lọ́ọ̀kù. Ẹ má lo túùbù táyà, rọ́bà lára ike tún ń ké ni. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì náà á mumi, á sì rún. Ẹ mú kílíìpù kan dání lọ sọ́jà, kí ẹ má gba "ó jọ ọ́". Súpà gúlúù ńkọ́? Ẹni tó bá máa ṣí i lẹ́yìn yín ló máa fọ́ ọ.

Rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi gírísì sílíkónì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má fi ẹ́ńjìn ọ́ìlì tàbí kẹrosín-ìnì kàn án, á wú.

Ibi tí ẹ bá ti rí SRS tàbí AIRBAG (àmì báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan), tàbí ẹnu wáyà aláwọ̀ ìyeyè, bí ẹ kò bá ṣe é rí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an á yọ orí bátìrì olódì, á dúró díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kò sì ní í yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹnu wáyà náà ṣì wà níta. Bí ẹ bá tan ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, iná SRS á tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì kú. Tí kò bá kú, ó lè jẹ́ pé ẹnu wáyà kan kò wọlé dáadáa. Ẹ má tíì jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ.