Bí mo ṣe yẹ ewu ibùdó rélùwéè Ṣábẹ wò

Nígbà tí olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ààbò ní Kutọnu ní kí oníkálukú wá ibì kan tí èrò ti ń pọ̀, kó yẹ ewu ibẹ̀ wò, kó sì kọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú ọjà, ilé ìwòsàn àti ilé epo. Èmi mú ibùdó rélùwéè Ṣábẹ, ìlú mi. Ẹ̀rín bo kíláàsì. Wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ kì í dé mọ́, kí ló fẹ́ pa èèyàn níbẹ̀?

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ wádìí. Ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin yìí láti Kutọnu. Ó dé Ṣábẹ ní 1911, kò sì dé Paraku títí di 1936, kìlómítà 438 lápapọ̀. Ìlú wa dàgbà yí i ká. Ní báyìí tí ọkọ̀ èrò ti dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ń dá irin náà kọjá láàárọ̀ kò rí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àtúnṣe ojú irin náà kò tíì kúrò lẹ́nu ìjọba. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kékeré àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe bá kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tí kò mọ ìbẹ̀rù irin ni yóò bá lójú ọ̀nà. Òun ni ewu tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo lọ kí olórí àdúgbò, mo sọ ohun tí mo ń bọ̀ wá ṣe, ó sì pe ọlọ́dẹ ibẹ̀ kó mọ̀ mí. Ẹ má fo èyí. Ẹni tó bá ń fi okùn wọn ilẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á rò pé ó fẹ́ ra ilẹ̀ ni, ìjà á sì dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ ti fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tó to ewu ní ẹsẹẹsẹ. Mi ò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mo ya àwòrán ibùdó náà sórí ìwé ńlá kan, mo wá jókòó sábẹ́ igi, mo sì ń fi bírò fa ipa ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá: láàárọ̀, lọ́jọ́ ọjà, àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú. Àwọn ọmọ ilé ìwé kì í gba ibi tí wọ́n ṣe fún ìkọjá, ẹ̀yìn ilé ẹrù ni wọ́n ń gbà nítorí pé ó yá. Àwọn ìyá tó ru iṣu kì í lè wo ọ̀tún wo òsì dáadáa, ẹrù orí kò jẹ́. Àwọn sẹ́míjàn, ìyẹn ọlọ́kadà tiwa, ń fi alùpùpù sáré dá irin kọjá láìdẹ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dìde, ìlà ti dúdú kirikiri níbi mẹ́ta lórí ìwé náà. Mo ti mọ ibi tí ewu wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ibi tí wọ́n kọ "ẹ ṣọ́ra" sí mu.

Lẹ́yìn náà ni mo mú okùn ìwọnlẹ̀. Lórí ojú irin tiwa, mítà 1 ló wà láàárín irin kìíní àti èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí irin parí sí ni ọkọ̀ parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara wágónù ojú irin oní-mítà-kan sábà máa ń fẹ̀ ju mítà 2.5 lọ, ìyẹn ni pé ó ń yọ sóde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ìgbọ̀nwọ́ kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá dúró ní ẹ̀bá irin, tó gbà pé òun ti kúrò lọ́nà, ara ọkọ̀ lè gbá a. Ọkọ̀ ojú irin kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ ẹrù bá gùn tó sì wúwo, ó lè rìn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti fa bíréèkì. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gbẹ́ni sẹ́míjàn kan, ó ní, "Ìyá, ṣé àwa ò ní gbọ́ ariwo rẹ̀ ni?" Mo ní kó tan alùpùpù rẹ̀, kó jẹ́ kí ó máa kùn, kó wá sọ fún mi bóyá ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ilé bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tó ti fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi. Mo béèrè ohun tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù jù nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ àwọn èrò tó ń fò bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

"Ọmọ mi, àwọn tó ń so wágónù pọ̀ ni," ni wọ́n wí. "Èrò ń wá, èrò ń lọ. Àwọn ọmọ tèmi, àárín irin ni wọ́n wà lójoojúmọ́."

Wọ́n wá là á yé mi. Ẹni tó ń so wágónù ní láti wọ àárín méjèèjì. Bí awakọ̀ bá sún ọkọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, ó parí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í wọ àárín kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá, kí ó tó fi iná tàbí àsíá pupa han awakọ̀, kí awakọ̀ sì tó dá a lóhùn. Bí kò bá dáhùn, kò ti ì rí ọ, dúró síta. Wágónù tí wọ́n bá gbé sílẹ̀, wọ́n á fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ilẹ̀ tí ojú ò rí dídà rẹ̀, irin mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń tẹ orí irin, ńṣe ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀, nítorí pé òjò àti òróró ń jẹ́ kó yọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rá kọjá lábẹ́ wágónù, ìbáà jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú sí ìlú, ọ̀gá ibùdó kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí títí yóò fi pe ẹni tó wà ní ibùdó iwájú lórí tẹlifóònù, tí ìyẹn á gbà, tí àwọn méjèèjì á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ní òun kì í kọ ọ́ ṣáájú kí òun tó gbọ́ èsì, kódà bí ó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni èsì kan náà ń wá.

Wọ́n tún dárúkọ ohun kan tí fọ́ọ̀mù wa kò ní rárá: alẹ́. Ọkọ̀ pẹ́, inú ń bí èrò, ọ̀gá ibùdó nìkan ló wà nínú yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn kan, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wà nínú àpótí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde kejì, kí wọ́n má sì ka owó níwájú fèrèsé.

Fífún ewu ní máàkì kò pẹ́. Bí ó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó, láti 1 dé 5. Bí ó ṣe lè burú tó, láti 1 dé 5. Ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ èkejì di púpọ̀. Lójú tèmi, iye náà kì í ṣe òótọ́ inú ìwé mímọ́, ó kàn ń jẹ́ kí èèyàn mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ohun tó gba máàkì gíga tí kíláàsì kò retí ni tábìlì epo bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹrù, tí pàǹtírí àti koríko gbígbẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní mo ń sọ àsọdùn. Mo sọ ti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù fún wọn: ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, iná bọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn onígi tó ń yí, níbi tí gírísì àti ìdọ̀tí ti pọ̀, èèyàn 31 ló kú. Ẹnu ọ̀nà tó fún tún gba máàkì. Ní Mumbai, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, òjò lé àwọn èrò sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ibùdó Elphinstone Road, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn tó lé ní 20 kú láìjẹ́ pé ọkọ̀ kan fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó sún mọ́ wa jù kò nílò àlàyé: oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó ní Ṣógunlẹ̀, níbi tí títì ti gba orí irin kọjá. Ẹ̀mí bá a lọ.

Kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo gbé àwòrán mi lọ bá àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n fi odi yí ibùdó ká. Ìyá tó ń ta àkàsà wò ó títí.

"Ìyàwó wa, odi yìí, ibo la máa gbà lọ bu omi?"

Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n lórí ìwé. Wọ́n ní ibẹ̀ jìn, àwọn ọmọ á lu odi náà ní ihò kí òjò tó rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, gbogbo ibi tí mo ti rí odi lẹ́bàá ọ̀nà ní ihò. A jọ yí i padà: ẹ̀yìn ilé ẹrù tí àwọn ọmọ ń gbà ni kí wọ́n sọ di ọ̀nà gidi, kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú irin, kí wọ́n gé koríko kí ojú lè ríran jìnnà, kí wọ́n fi ọ̀pá sí i ní wíwọ́ kí alùpùpù má lè sáré gbà á, kí odi kúkúrú wá darí ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ṣíṣe pèpéle, iná alẹ́ àti agogo ibi ìkọjá, mo fi wọ́n sí apá tí ìjọba nìkan ló lágbára rẹ̀. Aṣọ tó ń kọ mànà fún òṣìṣẹ́ ni mo fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí aṣọ kì í dá ọkọ̀ dúró.

Olùkọ́ béèrè ìdí tí mi ò fi dábàá odi gíga bí àwọn yòókù. Mo gbé ìwé tí mo fa ipa ẹsẹ̀ sí kalẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kí n fi í mọ́ iṣẹ́ náà, kí n sì lọ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún olórí àdúgbò. Oníbẹntiróòlù ti gbé tábìlì rẹ̀ kọjá sí òdìkejì títì báyìí. Ó ní kì í ṣe nítorí tèmi, òjìji igi tó wà lọ́hùn-ún ló wu òun.