Páìpù Ínṣì 4 Tí Mo Ra Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀pá páìpù mẹ́ta ṣì nà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé mi ní Gáà-Akànbí, Ìlọrin, bí mo ṣe ń kọ èyí. Páìpù tó nípọn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pressure, owó tí mo fi rà á sì tó kí n fi ra pákó wọ́dúróòbù kan odindi. Ẹni tó tà á fún mi ní òun kì í gba ọjà tí ayùn ti kàn padà. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí mo ti ṣàlàyé fún un kó tó gbowó: mo ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku igi ni mo fẹ́ so ó mọ́, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀ẹ́rún igi ló máa gba inú ẹ̀ kọjá, kì í ṣe omi. Èsì tó fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó lágbára jù ni kẹ́ ẹ mú, ẹ ò ní kábàámọ̀."

Eruku igi mansonia ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fá pákó mansonia fún ilẹ̀kùn mẹ́rin, nígbà tó sì fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, imú mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti bá igi yẹn ṣiṣẹ́ rí mọ bó ṣe ń ta èèyàn nímú àti lọ́nà ọ̀fun. Ìrókò náà ò gbẹ́yìn, sísín àti ara yíyún ni tirẹ̀. Mo fara dà á. Ohun tí mi ò lè fara dà ni ti àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí ìyá àwọn ọmọ mi pè mí síta, tó ká híjáàbù funfun tí ọmọ wa obìnrin fẹ́ wọ̀ lọ sí ilé kéwú lórí okùn, tó sì gbọ̀n ọ́n lójú mi. Eruku tú jáde lára aṣọ náà bí àtíkè. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí, ó wọlé lọ. Láti 1995 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Mo ti gbọ́ ìyẹn tipẹ́, àmọ́ híjáàbù yẹn ló jẹ́ kí n lọ ra ẹ̀rọ afa-eruku.

Tòkúnbọ̀ ni, agbára mọ́tò rẹ̀ jẹ́ 2 HP, ó ní ẹnu méjì, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 100. Mo rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn, torí páìpù ló kù, páìpù ò sì wọ́n ní Ìlọrin.

Páìpù pressure tí wọ́n tà fún mi yẹn, omi tí ń ti ara ẹ̀ láti inú táǹkì gíga ni wọ́n ṣe é fún, ìdí nìyẹn tó fi nípọn. Fífà tí ẹ̀rọ bíi tèmi ń fà ò tó ohun tó máa ṣe páìpù waste lásán ní nǹkan kan. Owó ìnípọn ni mo san lásán. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni ẹ́líbò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yí igun, àti tíì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ya ẹ̀ka: gbogbo igun wọn ló gún bí igun àpótí. Omi á gba ibẹ̀ kọjá láìṣe wàhálà. Ẹ̀ẹ́rún igi ò ní gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo tan pléénà, ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó, fífà dákẹ́. Mo kan páìpù náà ní ọwọ́, ibi tíì ń dún dòò bí ohun tó kún. Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, nítorí náà kò ṣeé tú, ayùn ni mo fi gé e. Ẹ̀ẹ́rún mansonia ti kì sínú tíì náà bí òwú tí wọ́n ki sínú ìrọ̀rí, débi pé ṣísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń wa á jáde.

Mo tún padà lọ ra páìpù waste, èyí tí wọ́n fi ń gbé ìdọ̀tí ilé ìwẹ̀ jáde, ínṣì 4 náà ni. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sún mọ́ ti àkọ́kọ́, Y-tee sì wà fún un, tí ẹ̀ka rẹ̀ dagun lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Níbi tí mo bá ti fẹ́ yí igun, ẹ́líbò onídígírì 45 méjì ni mo lò dípò onídígírì 90 kan. Gígé páìpù àti fífi í kọ́ ara ògiri ò gba àlàyé. Mi ò fi gọ́ọ̀mù kan ojú ìsopọ̀ kankan mọ́: mo tì í wọnú ara, mo fi síkúrù kékeré kan dè é, mo yí téèpù fàdákà mọ́ ọn. Bó bá dí lọ́la, ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi tú u.

Ibi tí mo wá há sí, mi ò rí ẹni kìlọ̀ fún mi. Họ́ọ̀sì tó máa so ẹ̀rọ mọ́ páìpù, mílímítà 100 ni inú rẹ̀. Ó wọ ẹnu ẹ̀rọ bí ìbọ̀wọ́. Àmọ́ páìpù tí gbogbo ọjà ń pè ní "ínṣì 4", ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110. Ìyàtọ̀ mílímítà 10 péré, họ́ọ̀sì ò sì lè gun orí rẹ̀. Wáyà tó yí ara họ́ọ̀sì ká ò jẹ́ kó fẹ̀, bó ti wù kéèyàn fa á tó.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ohun tó máa so méjèèjì pọ̀. Mo rìn láti Táíwò dé Gérì Alimi, mo dé Gáráàjì Ọ̀ffà, mo gbé ègé páìpù kan àti ègé họ́ọ̀sì kan dání kí n má baà máa sọ̀rọ̀ lásán. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń na reducer ínṣì 4 sí 3 sí mi, èyí tí wọ́n fi ń so páìpù ńlá mọ́ kékeré. Ìyẹn ti kéré jù. Àlájì kan tiẹ̀ bínú sí mi pé kí ni mílímítà mẹ́wàá nínú ayé yìí, kí n fi chúùbù ọ̀kadà dì í. Mo gbìyànjú ìyẹn. Chúùbù dì í dáadáa títí mo fi tan ẹ̀rọ, ló bá fa etí chúùbù wọnú, ó ń lu ara páìpù pàkàpàkà.

Plọ́mbà àdúgbò wa wá ní kí a fi iná yọ́ ẹnu páìpù náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọn ò bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń so páìpù méjì pọ̀. Ó gbé e sórí èédú. Ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, ó wú, èkejì ò tíì gbóná. Èéfín rẹ̀ lé wa jáde kúrò nínú ọgbà, ọ̀nà ọ̀fun mi sì ń ta mí títí di alẹ́. Páìpù PVC tó bá ń jó, gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde, ásíìdì ló sì ń dà nígbà tó bá kan omi inú imú àti ọ̀fun. Eruku ni mo ń sá fún tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo ní kó pa iná yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù. Páìpù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, bí èèyàn bá yí téèpù ká a, ó máa jẹ́ nǹkan bíi 345. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 máa jẹ́ 314. Ohun tó fi ju ara wọn lọ ò ju mílímítà 31 lọ. Tí mo bá yọ mílímítà 31 yẹn kúrò lẹ́nu páìpù, tí mo sì pa etí méjèèjì dé, ẹnu náà á di 100.

Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà bí imú ọ̀kọ̀ sí ẹnu páìpù: ó fẹ̀ tó mílímítà 31 létí, ó sì ń tín-ín-rín lọ títí tó fi parí ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè. Mo fi ayùn ọwọ́ yọ ọ́, mo fi sáńpépà dán etí rẹ̀. Mo gbé ìkòkò àtijọ́ kaná, mo jẹ́ kí omi hó dáadáa, mo ki ẹnu páìpù bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nǹkan bíi dígírì 80 ni PVC ti ń rọ̀, nítorí náà omi híhó tó o láìsí pé ó jó. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fà á jáde, mo fi klípù fún un díẹ̀díẹ̀, etí méjèèjì ń rìn bọ̀ wá bá ara wọn, títí wọ́n fi kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Mo da omi tútù lé e, ó le padà bí òkúta. Mo yí téèpù fàdákà mọ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí họ́ọ̀sì gun orí rẹ̀, tó sì mú un ṣinṣin, mo pariwo débi pé àwọn ọmọ sáré jáde wá wò mí. Ọjọ́ mẹ́rin, àti ìkòkò omi kan!

Bó bá jẹ́ pé mo máa tún un ṣe, màá gbé ẹnu ẹ̀rọ àti họ́ọ̀sì lọ sí ọjà kí n tó san kọ́bọ̀, màá sì wọn ẹ̀yìn àti inú páìpù, torí "ínṣì 4" kì í ṣe ohun kan náà lẹ́nu oníkálukú. Họ́ọ̀sì mi kò ju mítà kan lọ níbi kankan, nítorí pé ara rẹ̀ tó rí jagbajagba ń dá afẹ́fẹ́ dúró ju páìpù tó dán lọ. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn páìpù ínṣì 6, mo kọ̀ ọ́: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ń tàn lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ínṣì 4 ò sì lè fún páìpù ńlá ní afẹ́fẹ́ tó máa sáré. Níbi tí odò Asà bá ti fẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ló máa ń da yanrìn sí. Ẹ̀ẹ́rún igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú páìpù tó bá gbòòrò jù. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ẹ́rún tó ń fi ara gbo inú páìpù máa ń dá iná sí i lára, páìpù á sì máa ta èèyàn bí ẹni tí iná mú. Mo ti yí wáyà bàbà tí kò ní rọ́bà mọ́ ara rẹ̀ títí dé ilẹ̀, ó sì ti dín kù púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, káfíńtà kan láti Sawmill wá gba ilẹ̀kùn tí mo bá a fá. Ó fọwọ́ ra ẹnu páìpù tí mo fún yẹn, ó bi mí pé ṣọ́ọ̀bù wo ni mo ti rà á. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é. Mo tú ọ̀kan lára ògiri, mo fi lé e lọ́wọ́ kó fi ṣe àwòṣe, mo sì kọ 31 sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.